Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ mọ́fíìnì ní agogo méjì òru?

1.
Mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà níbẹ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, èmi gan-an sì jókòó sáàárín wọn, mò ń jẹ ìrẹsì mi. Mi ò sọ nǹkan kan torí àgbà ni wọ́n sí mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, ibí ni mo ti máa sọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn.

2.
Àǹtí kan tó jẹ́ RN ní ilé ìwòsàn ńlá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní: "LPN wo ló ń jẹ́ nọ́ọ̀sì? Ọdún kan péré ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kan mọ́fíìnì rárá."

Bọ̀dá kan tó jẹ́ LPN bíi tèmi fèsì: "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fún wọn lábẹ́rẹ́ ẹ̀ sínú iṣan, kò sẹ́ni tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Inú ìwé lòfin yẹn wà."

Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣìnà. Àwọn arúgbó tí wọ́n ń jẹ̀rora lóru ló sì ń jẹ ìyà ẹ̀.

3.
Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: ní Amẹ́ríkà níbí, RN máa ń kàwé ọdún méjì sí mẹ́rin. LPN máa ń lò tó ọdún kan. Ìdánwò tiwọn ni NCLEX-RN, tiwa ni NCLEX-PN. Ní Texas àti California, LVN ni wọ́n ń pè wá, iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ má sì fi wá wé "auxiliary nurse" tí ẹ mọ̀, tí dókítà kan gbà síbi iṣẹ́ tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ìpínlẹ̀ ló fún wa ní láísẹ́ǹsì. Ìpínlẹ̀ ló sì lè gbà á padà.

4.
Kí lòfin wá sọ nípa oògùn ìrora tó lágbára bíi mọ́fíìnì? Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, tí dókítà bá ti kọ ọ́, LPN lè fún aláìsàn lẹ́nu, ó lè kán an sábẹ́ ahọ́n, ó lè lẹ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ tó bá dọ̀rọ̀ inú iṣan. Ní California, LVN tó gba ìwé ẹ̀rí lè ta omi sí èèyàn lára, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fi oògùn sínú iṣan yẹn. Ní Texas, wọ́n wo ẹ̀kọ́ tí nọ́ọ̀sì náà kọ́ àti òfin ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tẹ́nì kan ń ṣe láìbẹ̀rù níbì kan lè gba láísẹ́ǹsì ẹlòmíì níbòmíì.

5.
Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kọ sínú òfin wọn. RN ló ń yẹ aláìsàn wò ní kíkún, òun ló ń pinnu ohun tó kàn. LPN kàn ń "kó ìròyìn jọ" ni, lábẹ́ àbójútó RN tàbí dókítà.

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú. Mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

6.
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá Bọ̀dá lóhùn.

Bí oògùn yìí ṣe ń pa èèyàn ò le láti mọ̀. Oorun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé láàárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní mí mọ́. Tó bá jẹ́ ẹnu ló gbà wọlé, ó lè tó wákàtí kan kó tó lágbára tán nínú ara. Tó bá jẹ́ inú iṣan, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó.

Bọ̀dá, èèyàn ọgbọ̀n ló wà lọ́wọ́ yín lóru. Tẹ́ ẹ bá fún ẹnì kan tán, ta ló máa jókòó tì í tí á máa ka èémí ẹ̀?

7.
Ẹ máa sọ pé naloxone wà ńbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń jí èèyàn. Àmọ́ agbára ẹ̀ máa ń tán láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan àbọ̀, mọ́fíìnì sì lè ṣì wà lára. Ẹni tó jí á tún sùn padà. Ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ wà lára aláìsàn tó ń ké tí èémí bá lọ sílẹ̀, RN wà ní yàrá kejì, dókítà wà lókè. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èmi àti ìwọ ni gbogbo ẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí" kì í ṣe ẹ̀kọ́. Oríire ni. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun.

8.
Tọ́jọ́ yẹn bá sì dé, ẹ má rò pé ibi iṣẹ́ máa dúró tì yín. Ẹ rántí RaDonda Vaught, nọ́ọ̀sì ní Tennessee. RN ni, kì í ṣe LPN. Oògùn tó ń mú ẹran ara rọ pátá ló fún aláìsàn dípò èyí tó ń fọkàn èèyàn balẹ̀, aláìsàn náà sì kú. Ní 2022, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ọ̀ràn ikú èèyàn. Wọn ò jù ú sẹ́wọ̀n, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní kó fi wà lábẹ́ ìṣọ́, àmọ́ láísẹ́ǹsì ti lọ.

Tí wọ́n bá lè bá RN ṣẹjọ́ ọ̀daràn lórí àṣìṣe, kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe fún LPN tó ṣe ohun tí òfin ò fún un láyè láti ṣe?

9.
Ó yá, Àǹtí, ó kàn yín.

Ẹ ní a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ n ran yín lọ́wọ́, n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí.

Mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń kán sábẹ́ ahọ́n fún àwọn tó ti sún mọ́ òpin ayé wọn ki gan-an. Mílígíráàmù 20 ló wà nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ohun tí dókítà kọ ni mílígíráàmù 5. Mílílítà 0.25 nìyẹn, ìdá mẹ́rin mílílítà kan, ẹ̀kán bíi mélòó kan.

10.
Síríńjì kékeré tó máa ń bá ìgò yẹn wá ti sọnù. Mo mú ńlá kan látinú àpótí. Ó ti rẹ̀ mí, "5" ni mo rí nínú ìwé, "5" ni mo fà. Mílílítà 5.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Mílígíráàmù 100. Ìlọ́po ogún ohun tí dókítà kọ. Fún ìyá arúgbó tí kò wúwo ju ọmọ ilé ìwé lọ, tí kíndìnrín ẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ láti lé oògùn náà kúrò lára.

Ẹni tí ṣíìfù ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ka oògùn inú àpótí tán, ló yí ojú padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ka ara ìgò yẹn sókè fún mi." Mo kà á. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

11.
Nítorí náà, Àǹtí, èmi ò sọ pé a ò lè ṣàṣìṣe. Mo mọ̀ pé a lè ṣe é. Àmọ́ ẹ wo ibẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe inú iṣan ni mo ti fẹ́ pa èèyàn. Ẹnu ni, ibi tí gbogbo òfin ti ní ó rọrùn, pé LPN lè ṣe é. Ẹni tó sì gbà mí kì í ṣe RN. LPN ni, ó ti lé lógún ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Ojú kejì ló gba ìyá yẹn là, kì í ṣe orúkọ tó wà láyà ẹni. Ohun tí mo nílò lọ́jọ́ yẹn ni ẹni tó máa kọ́ mi ní òwò mọ́fíìnì gan-an, àti ẹnì kejì nínú ilé.

12.
Wàyí o, ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí.

Ṣíìfù òru, agogo mọ́kànlá alẹ́ sí méje àárọ̀. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì, àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun ẹ̀. Wọn ò wo àìsàn náà mọ́, kí ara ṣáà tù ú dọ́jọ́ ikú ni. Mílígíráàmù 5, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tó bá nílò ẹ̀.

Mo fún un ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di agogo méjì ó kọjá díẹ̀, ó ṣì ń ké. Kì í ṣe igbe tí ẹ mọ̀. Ó ń ké bí ẹni tí kò ní agbára láti ké mọ́.

13.
Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó lè tún un fún. Bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Kí n tó lè fún un ṣáájú ìgbà yẹn, RN gbọ́dọ̀ "yẹ̀ ẹ́ wò", kó pe dókítà, kí dókítà kọ ọ̀tun.

RN ò sí nínú ilé. Mo pe èyí tí wọ́n ní ká máa pè lóru. Fóònù dún títí. Mo pe àwọn tó ń tọ́jú ìyá náà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì máa pè mí padà. Mo tún pe RN ilé. Mo lọ fún ẹlòmíì lóògùn. Mo padà wá. Ìyá ń fi orúkọ ọmọ ẹ̀ pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

14.
Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n pè mí padà. Ẹ gbọ́ ohun tí RN bi mí lórí fóònù.

Èémí mélòó ní ìṣẹ́jú kan? Mo sọ fún un. Ṣó jí, àbí ó ń tòògbé? Mo sọ fún un. Ojú ẹ̀ ńkọ́? Ṣó ń fajú ro? Ṣó ń di ọwọ́? Tó o bá fọwọ́ kàn án, ṣó ń dákẹ́? Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní ó dáa, òun á pe dókítà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwé ọ̀tun dé. Mo fún un. Nígbà tó di agogo márùn-ún, ìyá ti sùn, ó ń mí dáadáa.

15.
Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo rí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé: "RN ti yẹ aláìsàn wò."

RN wo? RN tí ò rí ìyá yẹn sójú? Ojú mi ni wọ́n fi wò ó. Ẹnu mi ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ohun tí òfin ní mi ò lè ṣe ni mo ṣe, ẹlòmíì ló buwọ́ lù ú. Ká ní ìyá kò jí lẹ́yìn tí mo fún un, orúkọ ta ló máa wà níwájú ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

16.
Ṣé àṣìṣe ilé kan ṣoṣo lẹ rò pé èyí jẹ́? Rárá o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1987 ní kí RN wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ méje lọ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún tó kù ńkọ́? Kí nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì ṣáà wà. LPN ti tó.

Ẹ fi òfin méjèèjì síra. Òfin kan ní RN nìkan ló lè yẹ aláìsàn wò ní kíkún. Òfin kejì ní RN lè má sí nílé fún ìdá méjì nínú mẹ́ta ọjọ́. Ìrora ò sì mọ agogo. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n wá fòfin lé àgbà kúrò lọ́jà, wọ́n ń bínú sí ẹni tó di orí ọmọ mú.

17.
Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n gbé òfin tuntun jáde pé kí RN máa wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn onílé pariwo pé kò sówó, pé àwọn ò ní rí RN gbà síṣẹ́. Ní oṣù kẹrin 2025, adájọ́ àpapọ̀ kan ní Texas fagi lé e. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ títí di 2034.

Ìyá tí mo ń sọ yẹn ò lè dúró di 2034.

18.
Ìdí nìyí tí ìjà ibi ìsọmọlórúkọ yẹn fi bí mi nínú. Àǹtí ń bá LPN jà. Bọ̀dá ń bá òfin jà. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹni tó ni ilé jà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Owó RN wọ́n ju owó LPN lọ, ìyẹn ló fà á tí RN ò fi sí nílé lóru. Ohun tí wọ́n fi òfin kọ̀ fún wa lójú ọ̀sán, àwọn fúnra wọn ló ń tì wá sínú ẹ̀ lóru.

19.
Àwọn kan máa ní, "Ṣé o fẹ́ kí LPN di RN lọ́fẹ̀ẹ́ ni?" Rárá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí agbára bá ẹ̀kọ́ dọ́gba, kí ẹ̀kọ́ sì wà.

Ẹ wo Uganda. Wọn ò ní dókítà tó pọ̀ tó láti máa kọ mọ́fíìnì fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ tó ń kú nínú ìrora ní abúlé. Ní 2004, wọ́n yí òfin padà. Nọ́ọ̀sì tó bá ti gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lórí ìtọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè KỌ mọ́fíìnì olómi fúnra ẹ̀. Kì í ṣe kó fún un nìkan o, kó kọ ọ́. Wọn ò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n kọ́ wọn, wọ́n dán wọn wò, wọ́n wá fún wọn lágbára, wọ́n sì kọ ààlà ẹ̀ sílẹ̀.

20.
Ohun tí mò ń béèrè rèé, mẹ́rin péré.

Àkọ́kọ́: kí RN wà nínú ilé lóru. Kì í ṣe lórí fóònù.

Èkejì: níbi tí RN ò bá sí, kí wọ́n má jókòó kí wọ́n máa díbọ́n. Kí wọ́n kọ́ LPN ní òwò oògùn ìrora yìí lọ́tọ̀: mílígíráàmù àti mílílítà, bí wọ́n ṣe ń mọ oorun tó léwu, bí wọ́n ṣe ń fi PAINAD wo ìrora ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe ń lo naloxone. Ìdánwò ńkọ́? Kó wà. Lọ́dọọdún.

21.
Ẹ̀kẹta: kí dókítà ti kọ ìgbésẹ̀ kejì sílẹ̀ lójú ọ̀sán. "Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí kan ó ṣì ń jẹ̀rora, tó jí dáadáa, tí èémí ẹ̀ kò dín sí báyìí, LPN tó gba ìwé ẹ̀rí lè tún fún un ní báyìí." Kò ju ìlà méjì lọ. Ìlà méjì yẹn ì bá ti fún ìyá yẹn ní wákàtí méjì oorun.

Ẹ̀kẹrin: inú iṣan, rárá, níbi tí kò bá ti sí ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn. Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi.

22.
Ọ̀rọ̀ kan ku fún àwa ọmọ Yorùbá tí a wà nínú iṣẹ́ yìí, a sì pọ̀ ńbẹ̀. Wọ́n ní kó o yára ṣe LPN, ọdún kan péré, owó á máa wọlé, wàá lọ ṣe RN tó bá yá. Láísẹ́ǹsì kan yẹn ló ń san owó ilé níbí, òun ló ń san owó ilé ìwé àbúrò nílé. Ìyẹn ò jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀. Tó bá tún jẹ́ Àǹtí wa ni RN tó ń bojú tó wa, "ẹ ṣeun ma" ni gbogbo èsì wa, kódà nígbà tí wọn ò gbé fóònù.

Èèyàn lè bọ̀wọ̀ fágbà, kó sì tún kọ agogo tó pè é sílẹ̀.

23.
Nítorí náà, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Agogo tí ẹ pè, ẹni tí ẹ pè, ẹni tí kò gbé e. Iye èémí, ojú aláìsàn, ohun tí ẹ sọ lórí fóònù, pé ẹ̀yin lẹ wò ó. Tí ẹ bá wà ní Texas, ẹ lọ ka ohun tí wọ́n ń pè ní Safe Harbor: nọ́ọ̀sì lè fi ìwé sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́ léwu fún aláìsàn, LVN náà wà nínú ẹ̀, òfin sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ yín torí ẹ̀. Tí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ìwé ìpè ìgbìmọ̀ bá dé kí ẹ tó ka òfin tó ń darí yín.

24.
Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ka èyí, mi ò bá yín jà. Ọ̀rọ̀ yín nínú ìpàdé àwọn nọ́ọ̀sì wúwo ju tèmi lọ. Tẹ́ ẹ bá dìde níbẹ̀ tẹ́ ẹ ní kí RN wà nílé lóru, wọ́n máa gbọ́. Tó bá jẹ́ èmi, wọ́n á ní mò ń ráhùn.

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù. Mo ní ṣíìfù. Èmi àtẹni tó fẹ́ lọ sílé máa jọ ṣí àpótí yẹn, a máa ka ìgò kọ̀ọ̀kan, a máa buwọ́ lùwé, wọ́n máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyá yẹn ò sí láàárín wọn mọ́, ẹlòmíì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.